Fáìlì mstscax.dll àti ẹgbẹ́ rẹ̀: ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ń wọ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì láti ilé mọ̀

Akápò Ìgbógbò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe fún ilé iṣẹ́ kan ní Erékùṣù Èkó, wọ́n sì ti yọ̀ǹda fún mi láti máa ṣe é láti ilé lọ́pọ̀ ọjọ́. Ẹni tí ó bá ti há sí Mile 12 rí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kò ní béèrè ìdí tí mo fi tọrọ rẹ̀. Remote Desktop tí ó bá Windows wá ni mo fi ń wọ kọ̀ǹpútà mi tí ó wà lọ́fíìsì. Iná ọba lọ lójijì nígbà tí Windows ń gba àtúnṣe lọ́wọ́, bátìrì láàpútọ́ọ̀pù mi kò sì lè gbé e ró mọ́. Láti ìgbà náà ni ètò yìí ti kọ̀ tí kò ṣí, tí ó ń kọ ọ́ sójú pé fáìlì mstscax.dll ní àbùkù.

Mo gbé e lọ bá ẹnì kan tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sábó. Ó gba fáìlì olórúkọ kan náà sílẹ̀ láti orí ìkànnì kan, ṣùgbọ́n bí fáìlì náà ṣe wọlé ni antifáírọ́ọ̀sì figbe ta. Ó ní kí n jẹ́ kí òun pa antifáírọ́ọ̀sì ná, kí òun lè gbé e sínú System32, fódà tí Windows ń kó àwọn fáìlì rẹ̀ sí. Mo gba ẹ̀rọ mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé e lọ sílé. Ìbéèrè mi ni pé: kí ni fáìlì yìí ń ṣe gan-an, ṣé kòkòrò ni àbí kì í ṣe kòkòrò, ibo ni mo sì ti lè rí ojúlówó rẹ̀?

Màmá Níyì

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun tí ẹ gba ẹ̀rọ yín. Ẹ pa èyí tí ó gbà sílẹ̀ rẹ́ kúrò nínú Downloads, kí ẹ sì kó o dànù kúrò nínú Recycle Bin pẹ̀lú. Èyí tí ó wà nínú System32 ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án títí àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ yóò fi dá yín lóhùn.

Ọ̀gá Ẹ̀bútè

Àkápò, ọkàn yín balẹ̀. Microsoft ló ni fáìlì náà, ó sì máa ń bá Windows wá láti ilé ni. Ohun tí ó gba àlàyé ni ìdí tí ètò kan ṣoṣo fi máa kọ̀ tí kò ní ṣí nítorí fáìlì tí a kò tẹ̀ rí ní ọjọ́ ayé wa.

Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí .dll kì í dá dìde ṣiṣẹ́. Àkójọ iṣẹ́ ni, tí ètò mìíràn máa ń pè nígbà tí ó bá nílò rẹ̀. Ẹ wo ìkòkò ńlá àti ìbòrí tí ẹgbẹ́ àdúgbò rà sílẹ̀: ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe ìnáwó yóò yá a lò, kò sí ìdí tí ilé kọ̀ọ̀kan yóò fi ra tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Windows ṣe kó àwọn iṣẹ́ tí ètò púpọ̀ jọ ń lò sínú fáìlì DLL, kí ètò kọ̀ọ̀kan má baà tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ṣí Remote Desktop, mstsc.exe ni ẹ ṣí. Fèrèsé kékeré tí ẹ ń kọ orúkọ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì sí ni mstsc.exe, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ. Bí ẹ bá ti tẹ Connect, mstscax.dll ni iṣẹ́ já lé léjìká: òun ni ó ń kan kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lára, tí ó ń bá a ṣe àdéhùn bí wọn yóò ṣe máa fi ọ̀rọ̀ wọn pa mọ́ kúrò lójú ẹni tí ó wà lójú ọ̀nà, tí ó ń kó gbogbo bọ́tìnnì tí ẹ tẹ̀ àti gbogbo ibi tí ẹ tọ́ka sí lọ sọ́hùn-ún, tí ó sì ń gba àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wá yà sí iwájú yín. Òun náà ni ó ń gbé ohùn, ìwé tí ẹ fẹ́ tẹ̀ jáde lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé, àti ọ̀rọ̀ tí ẹ dà kọ láti ìhín sí ọ̀hún. Kì í ṣe mstsc.exe nìkan ló ń pè é. Hyper-V náà ń yá a lò nígbà tí ó bá ń fi ojú kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà hàn yín.

Ẹni tí Remote Desktop tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lè rí i fúnra rẹ̀. Kí ó ṣí Remote Desktop sílẹ̀, kí ó má tì í, kí ó wá ṣí Command Prompt, fèrèsé tí a ń kọ àṣẹ sí nínú Windows, kí ó kọ `tasklist /m mstscax.dll` síbẹ̀. Yóò rí mstsc.exe lójú ìlà pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Kí ó ti Remote Desktop, kí ó tún àṣẹ kan náà kọ: bí ètò mìíràn kò bá di fáìlì náà mú, Windows yóò dáhùn pé òun kò rí ẹni tí ń lò ó. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí ju kí ènìyàn máa ka ohun tí oríṣiríṣi ìkànnì ń kọ lọ, nítorí pé kọ̀ǹpútà yín fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹ́rìí.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Ní ọ̀fíìsì yín lọ́hùn-ún, fáìlì mìíràn ni ó ń gba àlejò. Orúkọ rẹ̀ ni termsrv.dll, ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ svchost.exe, ètò tí Windows fi ń gbé àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ TermService tí ń gba àlejò Remote Desktop ni ó sì ń bójú tó. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ mstscax.dll ni Windows dárúkọ, láàpútọ́ọ̀pù ilé ni àìsàn wà. Ẹ má yọ ẹni tí ń bójú tó kọ̀ǹpútà lọ́fíìsì lẹ́nu, kò sí ohun tí ó lè ṣe sí i láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìyá Oníwèé Agric

Ẹ ṣeun, Ọ̀gá wa. Èmi ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, mo sì lọ wá orúkọ fáìlì yìí lórí kọ̀ǹpútà mi lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín. Ó jáde ní System32, ó jáde ní SysWOW64, ó tún jáde nínú fódà kan tí ń jẹ́ WinSxS, tí orúkọ àwọn fódà inú rẹ̀ gùn bí ohun tí kò ní òpin. Ṣé kò ti bí sí i báyìí?

Ọ̀gá Ẹ̀bútè

Ibi tí ó yẹ kí ó wà ni gbogbo rẹ̀, Ìyá. Lórí Windows oní-64-bit, System32 ni ti 64-bit wà, SysWOW64 sì ni ti 32-bit wà. Ó dojú rú, mo mọ̀. Bí Microsoft ṣe fẹ́ kí àwọn ètò àtijọ́ tí ó ti mọ orúkọ System32 má baà ṣìnà ló fà á. WinSxS ni Windows ń kó ojúlówó àwọn fáìlì rẹ̀ pa mọ́ sí, ibẹ̀ ni yóò sì ti mú òmíràn bí ti òkè bá bàjẹ́. Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ nínú WinSxS nítorí àtidín ẹrù kù.

Ibi tí ó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura ni bí ẹ bá rí i ní Downloads, ní Temp, nínú AppData, tàbí lórí fúláàṣì tí oníbàárà kan gbé wá.

Aṣọ́nà Ìjẹ̀dẹ́

Ohun tí Ọ̀gá sọ gbẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé orúkọ fáìlì kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni lè sọ fáìlì rẹ̀ ní mstscax.dll. Ohun mẹ́ta ni mo máa ń wò: ibi tí ó ń gbé, ẹni tí ó lu òǹtẹ̀ (àmì orí kọ̀ǹpútà tí ń fi ẹni tí ó ṣe fáìlì hàn) sí i, àti ètò tí ó pè é.

Ìdí tí ibi tí ó ń gbé fi ṣe pàtàkì ni bí Windows ṣe ń wá fáìlì. Bí ètò kan bá ní òun fẹ́ fáìlì DLL kan, tí kò sì sọ ojú ọ̀nà rẹ̀ ní kíkún, inú fódà tí ètò náà fúnra rẹ̀ wà ni Windows ti kọ́kọ́ ń wò kí ó tó dé System32, àfi àwọn fáìlì díẹ̀ tí wọ́n ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé System32 nìkan ni kí a ti mú wọn. Àwọn ọ̀daràn mọ èyí dáadáa. Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, àwọn oníwàádìí CrySyS Lab ní Húngárì tú àṣírí ìkọlù kan tí wọ́n pè ní TeamSpy. Ojúlówó TeamViewer, ètò tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, tí òǹtẹ̀ àwọn tí ó ṣe é wà lára rẹ̀, ni àwọn ọ̀daràn náà gbé sórí kọ̀ǹpútà àwọn tí wọ́n ń dọdẹ, wọ́n wá fi ayédèrú avicap32.dll sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú fódà kan náà. Fáìlì Windows tí ń bójú tó gbígba àwòrán láti ara kámẹ́rà ni avicap32.dll tòótọ́, System32 sì ni ilé rẹ̀. TeamViewer dìde, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rí ayédèrú, ó gbé e wọlé láìmọ̀. Ẹni tí ó bá yẹ ètò tí ń ṣiṣẹ́ wò yóò rí orúkọ TeamViewer, yóò rí òǹtẹ̀ tòótọ́, yóò sì kọjá lọ.

Ní ti òǹtẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tẹ fáìlì náà ní ọwọ́ ọ̀tún, wọn a lọ sí Properties, bí wọn kò bá rí Digital Signatures níbẹ̀, wọn a pariwo pé ayédèrú ni. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ fáìlì Windows ni òǹtẹ̀ wọn kò sí lára wọn, inú ìwé àkọsílẹ̀ mìíràn tí Windows ń tọ́jú ni ó wà. PowerShell, fèrèsé àṣẹ mìíràn nínú Windows, lè wo méjèèjì. Ẹ kọ èyí síbẹ̀:

`Get-AuthenticodeSignature C:\Windows\System32\mstscax.dll`

Bí ó bá dáhùn pé Valid, ẹ sùn, kí ẹ hanrun. Bí ó bá sọ pé HashMismatch, ẹnì kan tàbí nǹkan kan ti yí inú fáìlì náà padà láti ìgbà tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí i. Ó lè jẹ́ ọ̀daràn, ó sì lè jẹ́ iná tí ó lọ láìròtẹ́lẹ̀.

Ẹnjiníà Bàyẹ̀kú

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí àtúnṣe, nítorí pé Àkápò ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe. Ẹ kọ́kọ́ gba iná sínú bátìrì dáadáa, tàbí kí ẹ gbé e sórí ínfátà. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti bẹ̀rẹ̀ èyí lórí iná tí ń ṣẹ́jú.

Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, èyí tí í ṣe Run as administrator. Ẹ kọ `DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth`, kí ẹ jẹ́ kí ó parí, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ `sfc /scannow`. DISM ń tún àká WinSxS ṣe, sfc sì ń fi ohun tí ó wà nínú àká náà yẹ System32 wò, yóò pààrọ̀ ohun tí kò bá bá a mu. Ó lè dúró lójú kan pẹ́, pàápàá DISM, tí ẹ óò fi rò pé ó ti kú. Ẹ má pa á.

Ọ̀gá Ẹ̀bútè

Ẹnjiníà, mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n sfc ni èmi máa fi ṣáájú. DISM ń lọ mú ojúlówó fáìlì láti ọ̀dọ̀ Windows Update, dátà ni yóò sì fi rìn. sfc kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Bí sfc bá ti tún un ṣe, kí ni a tún ń wá?

Ẹnjiníà Bàyẹ̀kú

Òótọ́ ni, ọ̀gá mi, mo sì mọ iye tí dátà ń jẹ́ báyìí. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí Microsoft fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ ni mo tẹ̀ lé. Ti Àkápò tún yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn: iná lọ nígbà tí àtúnṣe ń wọlé lọ́wọ́, ó sì ṣeé ṣe kí àká náà fúnra rẹ̀ ti fara gbọgbẹ́. Bí àká bá bàjẹ́, sfc yóò sọ pé òun rí àbùkù ṣùgbọ́n òun kò lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe, nítorí kò sí ojúlówó tí yóò mú. Ẹni tí dátà rẹ̀ kò tó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sfc, kí ó gbọ́ ohun tí ó wí. Bí ó bá wí bẹ́ẹ̀, DISM kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ó tún sfc pè. Ẹni tí ó ní àwòrán ìfisórí Windows (fáìlì ISO tí a fi ń gbé Windows sórí kọ̀ǹpútà) lọ́wọ́, tí ẹ̀yà rẹ̀ bá ti orí kọ̀ǹpútà mu, lè fi `/Source` àti `/LimitAccess` júwe rẹ̀ fún DISM, kò ní wá íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

Bí àbùkù náà bá tún padà wá lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ fi `chkdsk` yẹ dísìkì wò. Ó lè jẹ́ pé ibi tí a kọ fáìlì náà sí lórí dísìkì ni ó ti ń kú.

Ohun méjì tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni kí ẹ fi sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ lọ da fáìlì náà kọ láti orí kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́. Fáìlì yìí ń yí padà pẹ̀lú àtúnṣe Windows, ti ọ̀rẹ́ yín sì lè má bá tiyín mu. Èkejì ni `regsvr32`. Ìforúkọsílẹ̀ ni àṣẹ yẹn ń ṣe, kì í wo fáìlì tí inú rẹ̀ ti bàjẹ́ sàn.

Akápò Ìgbógbò

Ẹ kú àdúrótì o. sfc ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nítorí dátà, ọ̀rọ̀ tí Ẹnjiníà sọ gan-an ni ó sì kọ sójú: ó rí àbùkù, kò lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo lo DISM, mo tún sfc pè, ó ní òun ti tún un ṣe. Mo pa ẹ̀rọ mo sì tún un tàn, Remote Desktop ṣí. PowerShell náà dáhùn pé Valid.

Akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Windows Home ni ó wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo fẹ́ máa wọ̀ ọ́ láti ọgbà ilé ìwé, wọ́n sì sọ fún mi pé bí mo bá pààrọ̀ termsrv.dll sí èyí tí wọ́n ti tún ṣe, yóò gbà mí láàyè.

Aṣọ́nà Ìjẹ̀dẹ́

Àbúrò, ó yé mi. Windows Home lè wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò ní gba àlejò fúnra rẹ̀; Pro àti àwọn tí ó ju ú lọ ni ó ń gbà á. Má fọwọ́ kan termsrv.dll. Ó lòdì sí àdéhùn tí o tẹ̀ nígbà tí o gba Windows, antifáírọ́ọ̀sì yóò máa bá a jà, àtúnṣe Windows tí ó bá sì tẹ̀ lé e lè gbé ojúlówó padà síbẹ̀, kí ìlẹ̀kùn tì mọ́ ọ lọ́jọ́ tí o nílò rẹ̀ jù lọ. Ẹni tí o kò mọ̀ rí ni ó tún fáìlì náà ṣe, ẹnu ọ̀nà tí àlejò ń gbà wọlé kọ̀ǹpútà rẹ ni o sì fẹ́ fi lé e lọ́wọ́. Lo Chrome Remote Desktop tàbí RustDesk. Wọn kò béèrè Pro.

Ìyá Oníwèé Agric

Àwọn oníbàárà mi kan fẹ́ràn TeamViewer àti AnyDesk. Mo rí tv_x64.dll nínú fódà TeamViewer. Ṣé ti Microsoft náà ni?

Ẹnjiníà Bàyẹ̀kú

Rárá, Ìyá. Ti TeamViewer ni, abẹ́ Program Files nínú fódà TeamViewer ni kí ẹ máa retí láti rí i, pẹ̀lú èkejì rẹ̀ tv_w32.dll. Bí ẹ bá rí i lórí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò fi TeamViewer sí, ìgbà yẹn ni kí ẹ béèrè ẹni tí ó gbé e wá. Ní ti AnyDesk, ẹ rí i dájú pé kì í ṣe ẹ̀yà àtijọ́ ni ó wà ní ṣọ́ọ̀bù: ní oṣù Kejì ọdún 2024, ilé iṣẹ́ tí ó ni ín kéde pé àwọn ọ̀daràn wọ inú ẹ̀rọ òun, ó fagi lé òǹtẹ̀ tí ó ti ń lù sí ètò rẹ̀, ó sì lu tuntun. Orí ìkànnì àwọn tí ó ni wọ́n gan-an ni kí ẹ ti máa gba méjèèjì.

Mo rọ̀ yín pẹ̀lú, bí ẹnikẹ́ni bá pe oníbàárà yín pé láti báńkì ni òun ti ń pè, tí ó ní kí ó fi irú ètò bẹ́ẹ̀ sórí fóònù rẹ̀, ẹ bá a gé ìpè náà.

Màmá Níyì

Ẹ dákun, kí ni kí àwọn tí ọ́fíìsì wọn ṣí Remote Desktop sílẹ̀ fún íntánẹ́ẹ̀tì ṣe? Ọ̀gá ọkọ mi ní kò séwu níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí pásíwọ́ọ̀dù bá ti gùn.

Aṣọ́nà Ìjẹ̀dẹ́

Ewu wà níbẹ̀, Màmá. Nọ́ńbà ìlẹ̀kùn tí Remote Desktop ń lò ni 3389, kò sì sí ọ̀daràn tí kò mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni Microsoft gbé àtúnṣe jáde fún àbùkù tí wọ́n ń pè ní BlueKeep, nọ́ńbà rẹ̀ ni CVE-2019-0708. Ó lè jẹ́ kí ẹni tí kò ní pásíwọ́ọ̀dù kankan wọlé sórí Windows 7, XP àti Server 2008, ó sì burú tó bẹ́ẹ̀ tí Microsoft fi ṣe àtúnṣe fún XP tí ó ti pa tì tipẹ́. Gígùn pásíwọ́ọ̀dù kò ràn án. Kí ọ́fíìsì náà ti 3389 mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn òṣìṣẹ́ máa gba inú VPN, ọ̀nà àdáni tí a dí mọ́ àjèjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọlé, kí wọ́n sì tan Network Level Authentication, èyí tí yóò máa béèrè ẹni tí ènìyàn jẹ́ kí ó tó ya ojú kọ̀ǹpútà fún un.

Ẹni tí ó wà ní ilé náà kò gbọdọ̀ rò pé ewu kò kan òun. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, Microsoft tún tún àbùkù kan ṣe, CVE-2020-0611, tí ó wà lọ́dọ̀ ẹni tí ń pe kọ̀ǹpútà: bí ẹ bá fi Remote Desktop kan kọ̀ǹpútà tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀daràn, òun ni yóò wọ tiyín. Àtúnṣe irú àbùkù bẹ́ẹ̀ kì í dé ọ̀tọ̀, inú àtúnṣe Windows ti oṣooṣù ni ó wà. Windows 10 sì ti kúrò lábẹ́ àtìlẹ́yìn láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ẹni tí kò bá tíì lè lọ sí Windows 11 lè forúkọ sílẹ̀ fún àtúnṣe ààbò tí Microsoft fi kún un fún àwọn tí ń lò ó nílé, èyí tí yóò gbé e dé ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Inú Settings, níbi tí Windows Update wà, ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún un.